Ọwọ́ Tí Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ òwe ní ẹ̀ka yìí ni a ti túmọ̀ òwe náà nínú ìdánwò rí, pé ọmọdé nílò àgbà, àgbà sì nílò ọmọdé. Bí a bá ti kọ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ a fún wa ní máàkì, a ó sì kọjá sí òwe mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nípa òwe yìí. Ta ni ó gbé pẹpẹ ga tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, pẹpẹ, wọ́n fi pe ibi tí àlùfáà ti ń rúbọ. Nítorí náà, nínú Ìjọ Àgùdà tí wọ́n bí mi sí, pẹpẹ kì í ṣe ibi tí ìyá ń kó àwo sí mọ́. Ibi mímọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kò tó pẹpẹ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ohun tí ọwọ́ náà ń fi ara rẹ̀ ṣe nígbà tí wọn kò jẹ́ kí ó dé ibẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ SS ni mo bá wá sáyé, èyí tí àwọn kan ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. (N kò fẹ́ràn orúkọ náà. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti ń bá ènìyàn ka ọjọ́.) Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni àìsàn náà ba orí egungun itan mi òsì jẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé ibẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọ̀pá méjì rìn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bá mi pàdé lórí àtẹ̀gùn, ẹ sì ti bá mi gbé báàgì; mo dúpẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé mo ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Kì í ṣe ti bíríkì o. Àwòṣe ni, irú èyí tí ènìyàn lè gbé ka orí tábìlì. Páálí tí wọ́n fi ń di bàtà tuntun ni mo fi ń ṣe ògiri, nítorí pé ó le, síbẹ̀ abẹ lè gé e. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni igi àjà mi. Igi ìṣáná ni mo fi ń kan àga ìjókòó àwọn ọmọ ìjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìṣó kankan nínú iṣẹ́ náà. Gọ́ọ̀mù, abẹ, rúlà àti sùúrù ni. Lọ́jọ́ tí egungun bá ń ro mí tí n kò lè dìde, n óò ní kí wọ́n gbé pátákó pẹlẹbẹ kan lé mi lẹ́sẹ̀ lórí ibùsùn, n óò sì máa gé fèrèsé. Fèrèsé ni iṣẹ́ tó yẹ ọjọ́ ìrora. Ó kéré, ó pọ̀, kò sì fẹ́ ìrònú.

Ìrònú wà níbòmíràn. Fọ́tò kì í sọ bí ilé ti ga tó fún ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ènìyàn kan bá dúró síbẹ̀ nínú fọ́tò náà, mo mọ̀ pé kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà lọ. Òun ni n óò fi wọn ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ni n óò fi wọn ògiri, ògiri ni n óò sì fi wọn ilé agogo. Báyìí ni mo ṣe kọ́ kàtídírà àtijọ́ ti Holy Cross ní Èkó, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́ ní ìgbẹ̀yìn ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Lázaro Borges da Silva wà lára àwọn ọ̀gá bíríkìlà wọn. Ilé náà kò sí mọ́. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ ilé mímọ lọ́wọ́ àti orúkọ Màríà lẹ́nu, tí a fi ń pe gbogbo ìjọ náà ní Àgùdà títí di òní. Ó wù mí kí ẹni tí kò bá ilé wọn lè rí i.

Ẹ ó bi mí pé kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọmọ kan fún yín. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa, ọmọ Mùsùlùmí, máa ń wá jókòó tì mí bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó na ìka sí inú kàtídírà náà, ó ní, “Àǹtí, kí ni àpótí kékeré tí ẹ kùn ní wúrà yẹn?” Mo ní ibi tí a ń fi Ara Olúwa pamọ́ sí ni. Ó ní kí ni ìyẹn? Mo sọ ohun tí àwa Àgùdà gbà gbọ́ fún un, níwọ̀n bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti mọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀, tí ẹ ò sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí?” Mo fi odindi ọjọ́ kan ṣe ilẹ̀kùn tó ń ṣí, tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ọmọ náà ṣì ń lọ sí ilé kéwú rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wà. N kò sọ ọ́ di Àgùdà, n kò sì gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni ó béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ Léjíọ̀n wa a máa rìn láti ojúlé dé ojúlé, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ẹsẹ̀ mi kò lè bá wọn rìn ín. Ohun tí mo ní ni tábìlì kan àti ohun tó wà lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá síbẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka yìí, ọmọ ìjọ tí kì í fẹ́ rí ère sójú, sọ fún mi láìfi bò pé òrìṣà ni mò ń ṣe. N kò bínú. Àríyànjiyàn náà ti pẹ́ jù wá lọ. Ní nǹkan bí ọdún 600, Bíṣọ́ọ̀bù Serenus ti Marseilles fọ́ àwọn àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Póòpù Gregory Ńlá sì kọ̀wé sí i pé ohun tí ìwé jẹ́ fún ẹni tó mọ̀wé, òun ni àwòrán jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 1223, ní Greccio ní ilẹ̀ Ítálì, Fransisi Mímọ́ ti Asísì kó koríko, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ kí àwọn ará ibẹ̀ lè fi ojú rí irú ibi tí wọ́n bí Jésù sí. Nílé wa níhìn-ín, Fadá Kevin Carroll àti Fadá O’Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ó sì wà títí di 1954. Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì, gbẹ́ àwọn amòye tó wá kí Jésù gẹ́gẹ́ bí ọba Yorùbá. Lamidi Fákẹ́yẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé níbẹ̀, Mùsùlùmí ni, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ta ni nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ó bọ igi. Ó ní kí n jẹ́ kí a lọ jẹun.

Fadá kan tó rí kàtídírà mi ló sọ fún mi pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ṣàwàdà, kí n lọ ka ìtàn Bùrọ́dà Joseph Zoettl.

Landshut, ní Bàfáríà ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí ní 1878. Ní 1892, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì dé ilé àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ Bẹ́nẹ́díìtì tí wọ́n ń pè ní St. Bernard, ní Cullman, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Jàǹbá kan ṣe é nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀, ó di abuké. Nítorí ẹ̀yìn yìí ni wọn kò ṣe jẹ́ kí ó di àlùfáà. Wọ́n ní kí ó jẹ́ bùrọ́dà. Ilé ẹ̀rọ ni wọ́n fi í sí, níbi tí ó ti ń kó èédú sínú iná, tí ó sì ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi, wákàtí lórí wákàtí. Ẹ fojú inú wò ó: abuké, ṣọ́bìrì, àti òkìtì èédú. Ẹ̀yìn tí kò yẹ ní ibi pẹpẹ yẹ ní ibi èédú.

Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ǹtì mọ àwọn ilé kéékèèké ní nǹkan bí 1912. Ó mọ Jerúsálẹ́mù, ó mọ bàsílíkà Pétérù Mímọ́ ti Róòmù, ó mọ ilé ìṣọ́ Pisa tó dagun, ó mọ ọkọ̀ Nóà, ó tilẹ̀ mọ ilé àwọn iwin inú àlọ́ ilẹ̀ Jámánì. Yàtọ̀ sí díẹ̀ tó mọ̀ ní ìlú rẹ̀, kò dé ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ilé náà wà. Inú fọ́tò, káàdì àti ìwé ni ó ti rí wọn, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ń ṣe. Ìkarahun òkun, àfọ́kù àwo ọlọ́nà, bọ́ọ̀lù gíláàsì tí ọmọdé fi ń ṣeré, agolo ìpara, bọ́ọ̀lù inú táńkì ilé ìgbẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, kò sí èyí tí kò wúlò fún un. Nígbà tó ṣe, àwọn tó ń wá wo iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé àwọn mọ́ńkì kò ní ìsinmi mọ́. Wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí kòtò ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta rí, wọ́n sì ya ibẹ̀ sí mímọ́ ní 1934. Wọ́n pè é ní Ave Maria Grotto. Àwòṣe bíi 125 ni ó wà níbẹ̀. Èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kẹ́yìn ni bàsílíkà Lourdes, ó sì parí rẹ̀ ní 1958, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó kú ní 1961. Ní 1984 ni wọ́n kọ ọgbà náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ẹni tí kò bá mọ Alabama kò lè mọ bí iṣẹ́ yìí ti tóbi tó. Kì í ṣe ilẹ̀ Àgùdà. Onítẹ̀bọmi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1921, ní Birmingham tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì kan yìnbọn pa Fadá James Coyle ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, nítorí pé Fadá náà so ọmọbìnrin rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ tó jẹ́ Àgùdà. Ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni abuké kan ti ń fi agolo ìpara ṣe ilé agogo, tí àwọn tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà sì ń kó ọmọ wọn wá láti wá wo Jerúsálẹ́mù, Róòmù àti Lourdes. Bí èyí kò bá jẹ́ ìwàásù, kí ni ìwàásù?

Títí dé ibi yìí, gbogbo ẹni tí mo bá sọ ìtàn náà fún ni ó máa ń bá mi yọ̀. Ibi tí a ti ń yapa ni pé wọ́n á wá mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, “Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n bá fi í jẹ àlùfáà ni, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n?” N kò gbà. Ẹ má ṣe fi ẹwà iṣẹ́ ọkùnrin náà bo ohun tí wọ́n fi dù ú mọ́lẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí Ọlọ́run fún ọwọ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ènìyàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé bí ó bá di àlùfáà ni sìmẹ́ǹtì yóò kọ̀ láti gbẹ fún un? Òfin Ìjọ tó jáde ní 1917 ṣì sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí àbùkù ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè dúró níbi pẹpẹ láìséwu, tàbí lọ́nà tó buyì, kò yẹ fún oyè àlùfáà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: lọ́nà tó buyì. Ojú ta ni wọ́n fi wọn iyì? Àwọn babańlá wa tí wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ abuké, arọ àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. N kì í bọ Ọbàtálá, mo sì mọ̀ pé ẹnu àwa Yorùbá kò mọ́ tó lórí ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí dé, ọ̀dọ̀ òrìṣà ni wọ́n sún wọn mọ́, wọn kò lé wọn jìnnà. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì gbé òfin tuntun jáde ní 1983, a kò rí gbólóhùn àbùkù ara yẹn níbẹ̀ mọ́. Ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n yọ ọ́ sí?

Nítorí náà, kì í ṣe pé ọwọ́ Bùrọ́dà Joseph kúrú. Ẹni tó gbé pẹpẹ ga ni ó gbé e ga.

N kò ní máa sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà bí ẹni pé kò sí tiwa. Ní ìjọ kan tí mo ti ń jọ́sìn, mo ṣe ibùjẹ ẹran fún ọdún Kérésìmesì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Màríà ró ìró, ó wé gèlè, Jósẹ́fù de fìlà, ilé náà sì ní òrùlé páànù tó ti dógùn-ún. Tíì tó ṣú dúdú ni mo fi kùn ún. Àwọn ọkùnrin méjì gbé e gun àtẹ̀gùn márùn-ún, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú pẹpẹ. Inú mi dùn. Lẹ́yìn ìsìn, ẹni tó ń ṣe ìkéde ní kí n dìde. Ó ní kí gbogbo ìjọ wo ohun tí Ọlọ́run lè fi abirùn ṣe, ó sì gbé agbọ̀n jáde, ó ní kí wọ́n ṣàánú mi. Wọ́n ju owó sínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó béèrè ìdí tí Màríà fi wé gèlè. Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo ti mọ ohun tí n óò sọ nípa páànù tó dógùn-ún, agbọ̀n ni wọ́n gbé síwájú mi.

Àánú kì í ṣe ohun búburú. Ẹni tí kò bá rí i gbà rí ló lè máa fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ń fẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́ òun kí wọ́n sì bá òun jiyàn lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ mi tó pè é ní òrìṣà. Èmi gba àríyànjiyàn ọ̀rẹ́ mi yẹn ju agbọ̀n lọ. Ó kéré tán, òun wo ohun tí mo ṣe kí ó tó sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n máa ń gbá itan mi mú lójú ọ̀nà kíláàsì, tí wọ́n á máa pàṣẹ fún un pé kí ó gba ìwòsàn. Wọ́n gbà pé ẹni tí wọ́n ń wàásù fún ni mí. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé èmi náà lè ní ìwàásù kan tí mo gbé dání.

Ní ìjọ kan náà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi mí sí ara àwọn tó ń ka Ẹ̀kọ́ Mímọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo mọ Yorùbá kà, ẹ̀yin náà mọ̀. Àmì ohùn kì í ṣì mí lọ́wọ́. Wọ́n ní ohùn mi dára, ṣùgbọ́n òkè àtẹ̀gùn márùn-ún náà ni àga ìkàwé wà, kí n jẹ́ kí àwọn tó lè gùn ún máa kà á. Ibùjẹ ẹran mi gun pẹpẹ, èmi kò gùn ún. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tó lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ní ọ̀nà tí olọ́pàá-ìtilẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ pe ìjọ mi lẹ́jọ́. Àga ìkàwé kan tó dúró nílẹ̀, lójú kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjọ, ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, bí pákó bá ti wà.

Mo ti fi páálí bàtà ṣe àwòṣe rẹ̀, pẹ̀lú àgbélébùú kékeré níwájú àti ibi tí ẹni tó ń kà lè gbé ọ̀pá rẹ̀ tì sí. Mo gbé e fún ìgbìmọ̀ ìjọ. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ọ́fíìsì, wọ́n kó bíírò sínú rẹ̀.